Ebi Àwọn Ìbejì Lẹ́nu Ọ̀nà Tíátà

Mo rántí àwọn ìyá tó máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà tíátà wa, yàrá tí a ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ, láti ìdájí, tí ọmọ wọn á máa fi ẹnu wá ọmú nínú aṣọ, tí wọ́n á sì máa fi ọwọ́ tì í sẹ́yìn, torí pé àwa dókítà la sọ fún wọn pé wọn ò gbọ́dọ̀ fún un. Bí mo bá ti rántí rẹ̀ báyìí, ara mi á tún gbóná. Àwọn èèyàn a máa sọ pé bó pẹ́ bó yá, ìbínú á rọlẹ̀. Tiwọn nìyẹn. Tèmi ò tíì rọlẹ̀, mi ò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó rọlẹ̀.

Ìgbà yẹn, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dọ́wọ́ mẹ̀kúnnù ni. Dókítà kékeré ni mí, mò ń kọ́ iṣẹ́ àwọn tó ń kun èèyàn lóorun kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé ni wọ́n sì fi mí sí, ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà nílùú Èkó. Ọ̀dọ̀ àwọn òbí mi ní Festac ni mò ń gbé, nínú ilé tí bàbá mi rí gbà nígbà tó ń bá ìjọba àpapọ̀ ṣiṣẹ́. Omi ẹ̀rọ ti gbẹ ní kílóòsì wa, ìyẹn òpópónà kékeré tí ilé wa wà, tipẹ́, ariwo kẹ̀kẹ́ àwọn mẹ́ruwà tó ń ta omi ló ń jí mi láràárọ̀. Màá fi ìdajì garawa wẹ̀, màá sì jáde nílé pẹ̀lú ìgbéraga tó pọ̀ ju omi tí mo fi wẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀. Tí oúnjẹ bá wà níkùn ẹni tí a kùn lóorun, ó lè gòkè wá sí ọ̀fun kó sì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, ìyẹn sì lè pa á. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí a fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún kì í fi jẹun. Ní ilé ìwòsàn wa, òfin náà ò ní àlàyé kankan: láti òru, kò gbọ́dọ̀ jẹ, kò gbọ́dọ̀ mu, ó parí. Èmi náà a máa sọ ọ́ fún àwọn ìyá, màá na ìka, màá fẹjú, àfi bíi pé èmi ni mo jókòó ṣe òfin ọ̀hún. Ẹni tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ rárá! Fìlà tíátà ló ń gùn mí.

Bẹ́ẹ̀, ìwé tí à ń kà fún ìdánwò sọ pé ọmọ ọwọ́ lè mu ọmú títí yóò fi ku wákàtí mẹ́rin kí a tó kùn ún lóorun, ó sì lè mu omi ṣúgà títí yóò fi ku wákàtí méjì. Ọ̀gá wa fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ mọ́ ọn, ọ̀gá yẹn mọ iṣẹ́. Ó ń rí iṣan lọ́wọ́ ọmọ tuntun níbi tí àwa yòókù ò tiẹ̀ ti mọ bí a ó ṣe di ọwọ́ náà mú. A máa sọ fún wa pé, "Ọmọdé kì í ṣe àgbàlagbà tó kéré. Ara rẹ̀ ò ní ìpamọ́. Oúnjẹ tó jẹ lálẹ́ ti tán kí ilẹ̀ tó mọ́." A ó kọ ọ́ sílẹ̀ wàràwàrà. Lẹ́yìn náà, a ó jáde síta, a ó sì bá àwọn ọmọ tí ara wọn ò ní ìpamọ́ ọ̀hún níbẹ̀, tí wọn ò tíì fi ẹ̀kán omi kan kan ẹnu láti àná, tí oòrùn ti kọjá àtàrí.

Kí ló fà á? Àgbà ló máa ń ṣáájú. Bí àgbà mẹ́ta bá wà fún iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ kan, tí ọmọdé méjì sì wà, a ó ṣe ti àgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán kó tó kan ọmọdé. Bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, wọ́n á ní kí ìyá ọmọ máa lọ, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí a bá bi ọ̀gá wa, á ní ilẹ̀ Yorùbá la wà, pé a kì í fi àgbà sílẹ̀ ká máa bu oúnjẹ fún ọmọdé. Ẹ gbọ́ ná, ṣé oúnjẹ là ń pín ni? Ọ̀bẹ là ń pín! Àgbà tó jẹ ẹ̀bà yó lánàá, tó lọ́ràá níkùn, á wọlé láàárọ̀, ọmọ tí kò tíì lè rìn á sì máa retí. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé lára àwọn àgbà tó ń ṣáájú yẹn, èèyàn ńlá ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn tí àwọn ọ̀gá ò fẹ́ kí wọ́n bínú sáwọn. Bí ìyá kan bá yọ́ fún ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀kọ díẹ̀, tí àṣírí bá tú, a ó bú u dọ́ba, a ó lé e lọ sílé. Aláìgbọràn la máa ń pè wọ́n. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwa ń retí kí ọmọ ọwọ́ gbọ́ àlàyé.

Kílóòsì kan náà ni èmi àti Ìyá Ìbejì ń gbé. Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni, ọkọ rẹ̀ ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Trade Fair. Ọkùnrin ni àwọn ìbejì náà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá ni. Ara Táyé le koko. Ti Kẹ́hìndé náà le, àfi kókó kan tó máa ń yọ nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, tó bá ti ń sunkún. Ìyá rẹ̀ fi hàn mí lọ́jọ́ Àìkú kan tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sọ fún un pé ìfun ló ń gba ihò kan jáde, pé lónìí ó ń padà wọlé, ṣùgbọ́n ó lè há síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, tó bá sì há tí ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ mọ́, ìfun á kú, ọmọ náà sì lè bá a lọ. Ó wò mí títí. Ó ní, "Àǹtí Dókítà, tí wọ́n bá kùn ún lóorun, ṣé ó máa jí?" Mo ní á jí. Mo ní èmi fúnra mi ni màá wà níbi orí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi ló gbà gbọ́ tó fi gbé ọmọ wá.

Ohun tí n kò mọ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wọn nígbà tó ku ọ̀la. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti dé láti Ijegun-Egba láti bá a tọ́jú ọmọ. Ẹni tó bá ti bá ìbejì gbélé rí mọ̀ pé ohun tí a bá ṣe fún Táyé la ó ṣe fún Kẹ́hìndé. Aṣọ kan náà, oúnjẹ kan náà, kódà tí a bá na ọ̀kan, à á rọra fọwọ́ kan èkejì. Màmá bá gbé òfin kalẹ̀: tí Kẹ́hìndé ò bá ní jẹun, Táyé náà ò ní jẹ. "Kẹ́ ẹ máa fún ọ̀kan lọ́mú lójú èkejì? Ṣé ẹ fẹ́ kó bínú padà ni?" Ìyá Ìbejì jẹ́ ọmọ ìjọ tí ń gbààwẹ̀ tó sì ń ṣọ́ òru, kò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ ni ìyá ọkọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, dókítà ti sọ pé ebi náà ò ní ṣe ọmọ ní nǹkan kan. Tí kò bá ní ṣe ẹni tí wọ́n fẹ́ là níkùn, ṣé ẹni tí ara rẹ̀ le ló máa wá ṣe?

Ìyá àgbà bá wọn wá, ó pọ̀n Táyé sẹ́yìn. Àgbà mẹ́ta ló ṣáájú Kẹ́hìndé lọ́jọ́ náà. Ti àkọ́kọ́ pẹ́. Bí wọ́n ṣe fẹ́ gbé ìkejì wọlé, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́, kò gbéra. Gbogbo ìgbà tí mo bá yọjú síta, Ìyá Ìbejì á bi mí pé ṣé ó ti kàn wọ́n. "Ó kù díẹ̀, ẹ ní sùúrù." Sùúrù! Èmi tí mo ti jẹ búrẹ́dì, tí mo sì ti mu tíì. Mo gbọ́ tí àwọn ọmọ méjèèjì ń ké, mo rò pé Táyé ń bá ìkejì rẹ̀ ké ni, bí ìbejì ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí mo tún yọjú, Kẹ́hìndé ti dákẹ́ lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ní, "Ẹ wò ó, ó ti gbà fún Ọlọ́run, ó ti sùn." A rẹ́rìn-ín, mo sì padà wọlé.

Igbe ìyá àgbà ló tún gbé mi jáde. "Gìrì! Gìrì ti mú u o! Ẹ gbà mí!" Táyé tó pọ̀n sẹ́yìn ni, Táyé tí ara rẹ̀ le. Ọmọ náà ti na gan-an, ojú rẹ̀ ti yí sókè, òógùn bò ó. A tú u kalẹ̀, gbogbo èèyàn sì sáré bò ó, dókítà, nọ́ọ̀sì, kódà ẹni tó ń nu ilẹ̀ ju ìnulẹ̀ sílẹ̀. Ọlọ́run bá mi ṣe é, mo rí iṣan, mo fa gúlúkóòsì sí i lára. Kò pẹ́ rárá, ara tó na rọ̀, ọmọ náà lajú, ó sì figbe ta. Ebi ni. Kò sí àìsàn kankan níbẹ̀ ju ebi lọ.

Ọ̀gá wa jáde, ó bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì sọ fún un pé kì í ṣe ọmọ yìí ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ìkejì rẹ̀ ni. Ló bá kọjú sí ìyá ọmọ. "Irú ìyá wo lèyí? Ta ló ní kẹ́ ẹ fi ebi pa ọmọ tí ara rẹ̀ yá? Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?"

Ìyá Ìbejì dá a lóhùn. Ó ní, "Sà, ẹ̀yin lẹ ní ebi ò ní ṣe ìkejì rẹ̀ ní nǹkan kan."

Ìgbà yẹn ni mo rántí ìkejì rẹ̀. Mo sáré lọ sídìí Kẹ́hìndé, Kẹ́hìndé tó gbà fún Ọlọ́run. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó rin fún òógùn. Mo pè é, mo já a léèékánná látẹ́lẹsẹ̀, kò mira. Kò sùn rárá. Ebi ló ń gbé e lọ. Ọmọ inú kan náà, ebi kan náà, iwájú dókítà ló dùbúlẹ̀ sí, kò sì sẹ́ni tó sáré bò ó, torí pé òun ni a ní kí ebi máa pa! A fún òun náà ní gúlúkóòsì, òun náà jí, ó ké, igbe rẹ̀ sì dùn létí mi ju orin lọ.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tí ọ̀gá wa wá sọ? Ó ní kí wọ́n máa kó àwọn ọmọ náà lọ sílé, pé ìyá wọn ò gbọ́ ìlànà. Ó ní aláìgbọràn ni. Obìnrin tó gbọ́ràn débi pé ọmọ méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan!

Láti ọjọ́ náà, Ìyá Ìbejì ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ilé ìwòsàn sétí mọ́. Kókó Kẹ́hìndé ò sì dúró dè é. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó yọ, ó kọ̀, kò padà. Ọmọ náà ké títí ohùn rẹ̀ fi há, ìyá àgbà ń fi aṣọ gbígbóná rọ ọ́, kí wọ́n tó wá pè mí. Mo rọra fi ọwọ́ tì í, mo tì í, òógùn bò mí, kó tó wọlé. Lẹ́yìn náà mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀ wọn, mo ń bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ìgbà mìíràn ó lè má padà. Mo sì lè má sí nílé." Ó ní, "Àǹtí Dókítà, mi ò kà yín sí òpùrọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ní ó kù díẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Mo bá ṣe ìlérí tó ju agbára mi lọ: mo ní tó bá gbà láti padà wá, Kẹ́hìndé ni yóò ṣáájú gbogbo èèyàn. Èmi ta ni? Ẹni tí wọn kì í jẹ́ kó yan àga tó máa jókòó lé nípàdé.

Nígbà tó gbà tí a sì dá ọjọ́, mo lọ bá ọ̀gá wa. Mo sọ ohun tí ìwé sọ, mo sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ wa. Ó ní ṣé mo mọ ẹni tó wà nípò kìíní lọ́jọ́ tí mò ń wí. Bàbá kan ni, akọ̀wé àgbà ìjọba tó ti fẹ̀yìntì, tó kọ́lé sí Amúwò. "Kí n ní kí irú bàbá bẹ́ẹ̀ dúró de ọmọ ọwọ́? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?" Wọ́n kọ́ mi nílé o! Wọ́n kọ́ mi dáadáa. Bàbá tó bí mi, tí oúnjẹ ò bá tó, àwa ọmọ ló máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ bù fún. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ́ síta, mo kàn ní "Ó dáa, sà," mo sì jáde pẹ̀lú omijé ìbínú lójú.

Iṣẹ́ wa ni láti lọ yẹ ẹni tí a ó kùn lóorun wò tó bá ku ọ̀la. Mo lọ bá Bàbá ní wọ́ọ̀dù ní ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ àyà wọn, mo wo eyín wọn, mo bi wọ́n nípa oògùn tí wọ́n ń lò. Nígbà tí mo ṣe tán, ẹsẹ̀ mi ò lọ. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn, mo ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀." Mo ti gbára dì fún èébú. Mo ro ọ̀rọ̀ náà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, Táyé àti Kẹ́hìndé, gbogbo rẹ̀.

Bàbá bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ tó ń mu ọmú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó wá ń bọ̀ lẹ́yìn mi? Ta ló ní kó bọ̀ lẹ́yìn mi?"

"Wọ́n ní torí ọ̀wọ̀ yín ni, sà."

Háà! Mi ò tíì rí àgbàlagbà tó bínú báyẹn rí. Wọn ò bú mi, wọn ò tiẹ̀ wò mí mọ́. Wọ́n ní kí n dìde, kí n lọ sọ fún ìyá ọmọ náà pé kó fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú ní ìdájí bí mo ṣe wí, kó má bẹ̀rù ẹnì kankan.

Ìyá Ìbejì fún un lọ́mú ní ìdájí. Mo sọ fún ìyá àgbà pé kí wọ́n fún àwọn méjèèjì lọ́gbọọgba, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi ṣíbí bu omi ṣúgà fún àwọn méjèèjì, inú Màmá sì dùn pé ẹnìkan mọ̀wé lára dókítà nígbẹ̀yìn. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ti ibùsùn aláìsàn lọ sí tíátà dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Bàbá ní àwọn ò lọ. Wọ́n bẹ̀ wọ́n títí, Bàbá ṣáà ní àwọn ò lọ àfi kí ọmọ náà kọ́kọ́ wọlé. Ni wọ́n bá lọ pe ọ̀gá wa, ó wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. Ó ní, "Sà, nítorí ọ̀wọ̀ yín la ṣe ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ọ̀wọ̀ wo?" Ohùn Bàbá dé òpin wọ́ọ̀dù. "Kí ọmọ ọwọ́ máa sunkún ebi lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí èmi máa sùn lórí tábìlì yín? Èpè nìyẹn, kì í ṣe ọ̀wọ̀! Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin wá gbé mi sọ́jà, ẹ fi aṣọ dì mí lójú. Ta ló bi mí? Ta ló bi mí nínú yín?"

Kẹ́hìndé ló kọ́kọ́ wọlé lọ́jọ́ náà. Mo bò ó nímú àti lẹ́nu, gáàsì olóòórùn dídùn yẹn gbé e lọ díẹ̀díẹ̀, mo lẹ ohun tí a fi ń gbọ́ àyà mọ́ ọn láyà, etí mi ò sì kúrò lára rẹ̀ títí wọ́n fi rán an tán. Nígbà tó jí, ọmú ló kọ́kọ́ wá. Ìyá rẹ̀ jókòó ní yàrá ìjí, ó ń fún un lọ́mú, ó ń sunkún, ó ń kọrin ìyìn pọ̀. Iṣẹ́ abẹ ti Bàbá náà yọrí sí rere, àwọn nọ́ọ̀sì ní gbogbo ìgbà tí Bàbá fi ń dúró ni wọ́n ń ṣàwàdà pé ebi tó ń pa àwọn lónìí dùn ju iyán lọ.

Láti ìgbà náà ni ọmọdé ti ń ṣáájú ní tíátà wa, torí pé ọ̀gá kankan ò fẹ́ kí àgbà mìíràn tún pariwo lé òun lórí. Èmi ńkọ́? Wọ́n yọ mí kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ní mo lọ fẹjọ́ ilé sùn níta. Mo gbà á. Mo padà síbẹ̀ nígbà tó yá, ibẹ̀ náà sì ni mo ti di ọ̀gá.

Nígbà tí ọ̀gá wa fẹ̀yìntì, wọ́n ṣe ètò ìdágbére fún un. Wọ́n ka ìtàn iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ní òun ló dá a sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn wa pé kí ọmọdé máa ṣáájú àgbà lọ sí tíátà. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Ó dìde, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó juwọ́. Ẹ gbà mí o! Mo ká ọwọ́ mi méjèèjì mọ́ra, mi ò pàtẹ́wọ́ fún ẹnì kankan. Ẹni tó jókòó tì mí rò pé torí pé wọn ò dárúkọ mi ni. Orúkọ ò jẹ mí lógún. Táyé àti Kẹ́hìndé ti ga jù mí lọ báyìí, oúnjẹ ilé kì í tó wọn. Àwọn ọmọ tó dé ṣáájú wọn ni mò ń rò. Àwọn tó dákẹ́ lórí ẹsẹ̀ ìyá wọn, tí a kọjá lára wọn, tí a ní wọ́n ti sùn. Mélòó ni wọ́n? Ta ló kà wọ́n? Bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tó gbà kò ju kí ẹnìkan kúnlẹ̀ ti àgbà kan kó sì sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé kí ọmọ yìí ṣáájú yín?" Gbogbo ọdún yẹn, a ò bi ẹyọ ẹnìkan.